Ẹ yéé wa katakata tòkunbọ̀ láti Ìlọrin wálé

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, ọ̀rọ̀ tòní á dun àwọn kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kẹ́ ẹ tó bínú sí wa.

Àsìkò tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù máa ń kówó jọ ra katakata ti tún dé. Àṣà kan tí ò dáa náà ti tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ra katakata tòkunbọ̀ lápá Ìlọrin, wọ́n á háyà dírẹ́bà kan, wọ́n á rọ dísù kún táǹkì, wọ́n á ní, "Máa wà á bọ̀ nílé." Láti Ìlọrin sí Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́, láti Ọ̀yọ́ sí Mọníyà. Tó bá gúnlẹ̀, wọ́n á pa ewúrẹ́, wọ́n á ní àwọn ti jèrè owó lọ́bẹ́ẹ̀dì.

A ń sọ ọ́ gbangba: kò sí èrè ńbẹ̀. Owó tẹ́ ẹ rò pé ẹ fi pamọ́ yẹn, ẹ kàn gbé gbèsè ẹ̀ lé ẹlòmíì lórí ni, ìyẹn ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín lójú títì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Katakata bíi Massey Ferguson 375 kì í sáré ju nǹkan bíi kìlómítà 25 sí 30 lọ ní wákàtí kan. Ìlọrin sí Mọníyà ń lọ sí bíi kìlómítà 150. Tí kò bá dúró rárá, wákàtí mẹ́fà nìyẹn. Ta ni kì í wá dúró? Radíétọ̀ á gbóná, táyà á jò, dírẹ́bà á jẹun, ọlọ́pàá á béèrè rìsíìtì. Kẹ́ ẹ tó mọ̀, ilẹ̀ ti ṣú. Ọ̀nà yẹn sì rèé, tírélà àti táńkà tó ń ti Òkè Ọya bọ̀ kì í sinmi níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Ọkọ̀ tó ń sá 100 lẹ́yìn katakata tó ń rìn ní 25, láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré ló ti jẹ mítà ọgọ́rùn-ún tó wà láàárín wọn tán. Kí dírẹ́bà tó mọ̀ pé ohun tó wà níwájú òun kò sáré, ó ti dé ìdí ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìtàn ẹlòmíì sí wa. Àwa tẹ́ ẹ ń pè ní ọ̀gá àgíríìkì, a wà níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ kan ní ọ̀kan lára àwọn abúlé wa, lọ́nà Mọníyà sí Ìṣẹ́yìn, ló ra katakata, wọ́n ní ká tẹ̀ lé àwọn lọ. Owó pẹ́ kó tó wọlé fún ẹni tó tà á, nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀ la tó kúrò. A gbé púláù kọ́ ẹ̀yìn ẹ̀, dísìkì mẹ́ta. Iná iwájú kan ló ń tàn, ti ẹ̀yìn kò sí. Ká tiẹ̀ ní ó wà, púláù á ti bò ó. A rí gbogbo ẹ̀, a dákẹ́. Àwọn bàbá ní ká máa lọ, pé Ọlọ́run ń bẹ. Táyà iwájú jò lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, omi radíétọ̀ gbẹ nítòsí Ọ̀yọ́. Aago mẹ́jọ alẹ́ kọjá, ó kù díẹ̀ ká dé Fìdítì, ọlọ́kadà kan já lu dísìkì yẹn lẹ́yìn. Ọmọkùnrin tó ń ti oko bọ̀ ni, àgbẹ̀ bíi tiyín. Àwa tó yẹ ká máa tan iná ọkọ̀ wa lẹ́yìn katakata, a ti sáré síwájú lọ wá dísù.

Kò kú. Ṣùgbọ́n wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀ lókè orúnkún. Ẹgbẹ́ ló san owó ọsibítù. Katakata wà ní tẹ́ṣàn títí òjò àkọ́rọ̀ fi lọ, wọn ò túlẹ̀ kankan lọ́dún náà. Owó lọ́bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n sá fún, wọ́n san án ní ìlọ́po ìlọ́po, ọmọ ọlọ́mọ sì di ẹni tó ń fi igi rìn. Àwa náà jẹ̀bi, nítorí a mọ̀ ọ́n, a ò sọ ọ́. Ìdí tí a fi ń pariwo lónìí nìyẹn.

A mọ ohun tẹ́ ẹ máa fi dá wa lóhùn.

Àwọn kan á ní, "Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Òótọ́ ni. Ẹ̀yin lẹ ń fẹ̀sọ̀ rìn. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín ńkọ́? Ṣé òun náà ń fẹ̀sọ̀ rìn?

Àwọn mìíràn á ní ọ̀nà jíjìn yẹn la fi ń dán an wò, pé tó bá gbé wa délé, ó dáa nìyẹn. Èyí ló ń dùn wá jù, torí àwọn tó ń tà á ló fi kọ́ yín. Ẹ ti sanwó kẹ́ ẹ tó gbéra. Tó bá wá kú sí Ògbómọ̀ṣọ́, ta ló máa dá owó yín padà? Yàtọ̀ síyẹn, títì kò lè sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀ fún yín. Kò ní sọ bóyá ọwọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ lè gbé púláù dúró láì máa sọ̀ kalẹ̀, tàbí bóyá kíláàṣì ẹ̀ ò ní máa yọ̀ tí ilẹ̀ bá le. Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ láti dán ẹ̀rọ oko wò, NCAM, wà ní Ìdófìán nítòsí Ìlọrin níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá títì Mọníyà ni wọ́n fi ń dán katakata wò. Ilẹ̀ la fi ń dán an wò. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi túlẹ̀ bíi ìdajì éékà lójú yín. Tó bá kọ̀, ẹ kó owó yín, ẹ máa lọ sílé.

Àwọn yòókù á ní kò sówó. Ẹ gbọ́ ná: eyín táyà ẹ̀yìn katakata, ilẹ̀ oko ni wọ́n ṣe é fún. Títì tó gbóná ń jẹ ẹ́ bí ìgbà tí èèyàn ń fi fáìlì rin ín, pàápàá tòkunbọ̀ tó ti gbó tẹ́lẹ̀. Ẹ lọ béèrè iye táyà ẹ̀yìn méjì kẹ́ ẹ tó sọ pé lọ́bẹ́ẹ̀dì wọ́n. Kì í tiẹ̀ ṣe dandan kó jẹ́ lọ́bẹ́ẹ̀dì. Massey 375 kò ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́ta lọ, lọ́rì 911 tó dáa lè gbé e. Ẹ fi ìdí lọ́rì ti òkìtì ilẹ̀ tó ga dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀, kí katakata fi jíà kékeré wọlé, ẹ fi ṣéènì dè é nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ fi igi há táyà. Ẹ wá lọ́rì tó fẹ́ padà lófìfo sí Ìbàdàn, ẹ dúnàádúrà. Èyí tó ju gbogbo ẹ̀ lọ, ẹ má san owó tán ní Ìlọrin. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé Mọníyà lẹ ti máa san èyí tó kù. Ẹ ó rí i pé òun fúnra ẹ̀ á mọ bó ṣe máa gbé e dé.

A ò sọ pé katakata kò gbọdọ̀ fojú kan títì o. Láti abúlé kan sí èkejì, kò sí bá a ṣe máa ṣe é. Tó bá wá di dandan:

Ẹ so pẹ́dà búrékì méjèèjì pọ̀ pẹ̀lú irin tó wà fún un. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ti ọ̀tún àti òsì fún iṣẹ́ oko. Tí dírẹ́bà bá tẹ ẹyọ kan lórí eré, katakata á ṣẹ́rí lójijì, ó lè dojú dé.

Ẹ tú púláù kúrò lẹ́yìn ẹ̀, kí ọkọ̀ míì gbé e.

Ẹ má fi fíríì sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Jíà ni kẹ́ ẹ fi sọ̀.

Ẹ má gbé èrò kankan sórí ẹ̀, ì báà ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́.

Kí ọkọ̀ kan tó ń ṣẹ́jú iná wà lẹ́yìn ẹ̀, kì í ṣe níwájú.

Ẹ fi àmì sí ẹ̀yìn ẹ̀. Láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ṣe ọ̀kan jáde ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, onígun mẹ́ta aláwọ̀ ọsàn tó ní etí pupa, fún ọkọ̀ tí kì í sáré ju kìlómítà 40 lọ ní wákàtí. Ẹni tó bá rí i ti mọ̀ pé ohun tó ń wọ́ ló wà níwájú. Páànù, ọ̀dà àti téèpù tó ń dán lẹ fi máa ṣe é. Wẹ́dà àdúgbò yín lè bá yín gé e.

Tí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ bá lù, ibi yòówù kẹ́ ẹ dé, ẹ yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, kúrò lójú títì pátápátá. Ẹ sùn síbẹ̀.

Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ra katakata lọ́dún yìí, ẹ pè wá kẹ́ ẹ tó lọ. A ó tẹ̀ lé yín, a ó yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú yín, a ò sì ní gba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní títì lẹ fẹ́ fi wà á wálé lóru, a ò ní bá yín lọ mọ́. A tún máa sọ fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ yín ìdí tí a ò fi lọ. A ti dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan rí. Ọmọ yẹn ṣì ń gbé nítòsí Fìdítì, a sì ń rí i lọ́jọ́ ọjà.

Ẹ bá wa fi han alága àti akápò ẹgbẹ́ yín.