Ọ̀pọ̀ Ìránṣẹ́, Iṣẹ́ Kò Yá

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sí abala wa lọ́tẹ̀ yìí lè jọ ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Owó tí a jọ dá ń bẹ nínú rẹ̀, ohùn àwọn àgbà wa sì ń bẹ nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ mọ̀ pé a máa ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀: oríkì, ìtàn ìdílé, àti orin Ẹ̀fẹ̀ tí ó máa ń dún lóru kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó lọ́sàn-án. Ní ọdún 2001 ni àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún gbogbo ayé gẹ́gẹ́ bí àjogúnbá tí ó yẹ kí aráyé dáàbò bò. Àwa tí a bí sí ìdí rẹ̀ kò gbọdọ̀ wá jẹ́ kí ohùn rẹ̀ sọnù. Ìdí nìyí tí a fi kó àwọn ohùn náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ọmọ Kétu tí ó wà ní Kútọnu tàbí ní Paris lè gbọ́ wọn nígbàkigbà. Ṣùgbọ́n ìgbà kan dé tí ìkànnì wa bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ bí ìgbín. Ẹni tí ó bá tẹ orúkọ orin kan yóò dúró títí, yóò sú u, yóò sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tí ń bójú tó ẹ̀rọ náà wo inú rẹ̀, wọ́n bá 150 ohun tí wọ́n ń fi Faransé pè ní processus, tí gbogbo wọn wà lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìmọ̀ràn méjì ni wọ́n mú wá sí ìpàdé. Èkíní ni pé kí a máa pa gbogbo processus náà lálaalẹ́, kí a sì tún ẹ̀rọ náà tàn. Èkejì ni pé kí a fi owó tí a dá fún gbígba ohùn sílẹ̀ háyà ẹ̀rọ mìíràn tí ó tóbi jù ú lọ. A fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìmọ̀ràn kejì. Nígbà náà ni ẹnì kan nínú wa, tí kò mọ ohunkóhun nípa ẹ̀rọ, béèrè pé: "Àwọn tí wọ́n pọ̀ tó báyìí, kí ni wọ́n ń dúró dè?" Kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn. Ìbéèrè yẹn ni ó kó owó wa yọ, òun náà ni a sì fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣe àlàyé. Ẹ̀rọ tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń pè ní serveur jẹ́ kọ̀ǹpútà tí kì í sùn. Nígbà tí ẹnì kan bá béèrè ojúewé kan láti orí fóònù rẹ̀, serveur yóò yan ìránṣẹ́ kan fún un. Ìránṣẹ́ yìí ni processus. Yóò wọ inú ilé lọ, yóò wá ohun tí àlejò béèrè, yóò gbé e jáde fún un. Nígbà tí ó bá ṣe èyí tán ni ọwọ́ rẹ̀ tó dilẹ̀ láti jẹ́ iṣẹ́ fún ẹlòmíràn.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ní láti mọ̀ ni bóyá inú ilé ni ìdádúró wà tàbí ojú ọ̀nà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tí ó gba abẹ́ òkun kọjá, èyíinì ni WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí etíkun Côte d'Ivoire. Benin wa yìí, Nàìjíríà, Ghana àti Côte d'Ivoire fúnra rẹ̀ wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó fara gbá a. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá jókòó ti serveur rẹ̀ tí ó ń tú u palẹ̀ kàn ń yọ ara rẹ̀ lẹ́nu ni. Bí gbogbo ìkànnì bá ń falẹ̀ fún ẹni tí ó wà ní Kétu, ọ̀nà ni kí a fura sí. Bí ó bá jẹ́ pé tiwa nìkan ni ó falẹ̀, tí ẹni tí ó wà ní Kútọnu àti ẹni tí ó wà ní Paris sì ń ráhùn bákan náà, inú ilé ni ọ̀ràn wà. Bí tiwa ti rí nìyẹn.

Ẹni tí ó bá fẹ́ wo inú ilé yóò tẹ àṣẹ tí ń jẹ́ top. Lókè ojú ẹ̀rọ ni yóò ti rí òǹkà mẹ́ta tí ó tò tẹ̀lé ara wọn. Àwọn òǹkà wọ̀nyí ń sọ iye ìránṣẹ́ tí ń ṣiṣẹ́ tàbí tí ó tò dúró de àyè iṣẹ́, ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú 1, ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú 15 tí ó kọjá. A kì í kà wọ́n lásán. Iye ọpọlọ tí ẹ̀rọ náà ní ni a fi ń wọ̀n wọ́n. Bí ọpọlọ bá jẹ́ 2, tí òǹkà sì jẹ́ 2, ọwọ́ kún ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tò. Bí òǹkà bá di 40, ìlà ti gùn. Bí òǹkà àkọ́kọ́ bá sì ju ìkẹta lọ, ìlà náà ṣì ń gùn sí i ni.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ìránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni lẹ́tà kan wà tí ń sọ ipò tí ó wà. R ni ti ẹni tí ń ṣiṣẹ́ tàbí tí ó ti ṣe tán láti ṣiṣẹ́. S ni ti ẹni tí ó sùn, tí ó ń retí kí nǹkan kan jí i. D ni ti ẹni tí ó ń dúró de dísíìkì, tí a kò sì lè dá dúró títí ohun tí ó ń retí yóò fi dé. Z ni ti ẹni tí ó ti kú, ṣùgbọ́n tí òbí rẹ̀ kò tíì gba ìròyìn ikú rẹ̀. Ẹni tí ó ti kú kò tún ṣe é pa. Òbí rẹ̀ ni kí ẹ lọ wò. Nínú 150 ìránṣẹ́ tiwa, díẹ̀ ni ó jẹ́ R. S ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, àwọn kan sì jẹ́ D. Èyí já sí pé kì í ṣe iṣẹ́ ni ó pọ̀ jù, ìdúró ni.

Báwo wá ni wọ́n ṣe di 150? Ẹ ronú nípa ọjọ́ ọjà ní Kétu àtijọ́, nígbà tí odi àti yàrà yí ìlú ká, tí èrò ń gba Akaba Ìdènà wọlé. Bí èrò bá kún ẹnu-bodè fọ́fọ́, ẹni tí ó wò ó láti òkèèrè yóò ní ọjà òní pọ̀ ju ti àná lọ. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé iye kan náà ni ó ń dé, ṣùgbọ́n oníbodè ń yẹ ẹrù kọ̀ọ̀kan wò pẹ́. Ní ọdún 1961, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ John Little fi ìṣirò fi ìdí èyí múlẹ̀: iye ẹni tí ó wà nínú ilé jẹ́ iye tí ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ní ìlọ́po iye ìṣẹ́jú àáyá tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò níbẹ̀. Ká sọ pé àlejò 10 ń dé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá lo ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá, ìránṣẹ́ 2 péré ni a ó bá lẹ́nu iṣẹ́. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá lo ìṣẹ́jú àáyá 15, a ó bá 150. Àlejò kò pọ̀ sí i rárá; ìdúró ni ó gùn.

Ọ̀pọ̀ ìránṣẹ́, nígbà náà, kì í ṣe àrùn fúnra rẹ̀. Àmì àrùn ni. Síbẹ̀, àmì náà lè di àrùn kejì bí a kò bá tètè dá a dúró. Iyè ẹ̀rọ wa, èyí tí Faransé ń pè ní mémoire vive, jẹ́ 4 Go, ìyẹn bíi 4000 Mo. A yọ 1000 Mo sọ́tọ̀ fún ètò ẹ̀rọ àti fún base de données, ibi tí àkójọ orúkọ orin wà. Ó ṣẹ́ ku 3000. Ìránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń jẹ tó 100 Mo, nítorí náà 30 ni àyè lè gbà. Ṣùgbọ́n 150 ni ẹni tí ó to ẹ̀rọ náà fi ṣe òkè iye tí ó lè wọlé. Nígbà tí iyè kún, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù lọ sórí dísíìkì, ó sì tún ń kó o padà wá, bẹ́ẹ̀ dísíìkì kò yára tó iyè rárá. Ibẹ̀ ni àwọn onílẹ́tà D ti wá. Oògùn àkọ́kọ́ tí a lò ni pé a dín òkè náà kù sí 30. Ó yà wá lẹ́nu pé nígbà tí a dín ìránṣẹ́ kù, iṣẹ́ yá díẹ̀. Àwọn yòókù tò síta, wọn kò sì fi ẹsẹ̀ tẹ àwọn tí ó wà nínú ilé mọ́lẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. A ní láti mọ ohun tí àwọn onílẹ́tà S ń retí. Base de données lè máa kọ gbogbo ìbéèrè tí ó bá pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ sínú ìwé kan, bí a bá pàṣẹ bẹ́ẹ̀ fún un. A pàṣẹ náà, a sì ka ìwé náà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó kún un. Nígbàkigbà tí ẹnì kan bá wá orin pẹ̀lú orúkọ ìlú, ẹ̀rọ náà ń ka àkójọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé a kò ṣe atọ́ka sí orúkọ ìlú. Nígbà tí àkójọ kéré, kò sí ẹni tí ó fura. Bí a ti ń gba ohùn kún ohùn, bẹ́ẹ̀ ni ìwákiri ń pẹ́ sí i. Ìlà àṣẹ kan péré ni a fi ṣe atọ́ka náà. Lọ́jọ́ kejì, ìránṣẹ́ tí a bá lẹ́nu iṣẹ́ kò pé mẹ́wàá. Bí a bá ti ra ẹ̀rọ ńlá ni, àrùn náà ìbá kàn bá wa kó lọ sílé tuntun.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ilé kékeré nìkan ni irú èyí ń dé bá. Wikipedia, tí ó ní ẹ̀ka ti èdè Yorùbá, rí tirẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 2009, Michael Jackson kú, èrò sì ya bo ojúewé rẹ̀. Wikipedia máa ń tọ́jú ẹ̀dà ojúewé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, bí ẹni tí ó ti se oúnjẹ de àlejò. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ń tún ojúewé náà kọ léraléra lọ́jọ́ náà, àtúnkọ kọ̀ọ̀kan sì ń sọ ẹ̀dà tí ó wà nílẹ̀ di aláìwúlò. Kí ìránṣẹ́ kan tó se òmíràn jinná, ọ̀pọ̀ ti dé, wọn kò bá oúnjẹ nílẹ̀, kálukú sì dá iná tirẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń ṣe láṣetúnṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ètò kan tí wọ́n pè ní PoolCounter: bí ẹnì kan bá ti ń sè é, kí àwọn yòókù dúró dè é, tàbí kí wọ́n bu ti tẹ́lẹ̀ fún àlejò. Títí di òní, àwọn oníṣẹ́ ibẹ̀ ṣì ń pe irú ọ̀ràn náà ní ìṣòro Michael Jackson.

Ó ku àlejò kan tí kì í ṣe ènìyàn. Àwọn ẹ̀rọ kan ń rìn kiri íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń kó ojúewé àti àwòrán jọ láti fi kọ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, àjọ Wikimedia kéde pé ìwọ̀n àwòrán àti fídíò tí wọ́n ń kó lọ́dọ̀ àwọn ti fi ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i láti oṣù kìíní ọdún 2024, àti pé ó kéré tán, ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún àbẹ̀wò tí ó ń ná wọn lówó jù lọ ni ó ń wá láti ọ̀dọ̀ irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ máa ka ìwé àkọsílẹ̀ àlejò yín. Ẹni tí ó bá béèrè ẹgbẹ̀rún ojúewé láàárín wákàtí kan kò wá gbọ́ orin. Ẹ fi ìwọ̀n sí iye tí yóò lè béèrè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, a kò sọ pé a kì í pa processus. Bí ìgbà pípa bá dé, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àmì 15 ni ó ń sọ fún ìránṣẹ́ pé kí ó parí ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó sì máa lọ. Àmì 9 kì í jẹ́ kí ó palẹ̀ ẹrù mọ́, ohun tí ó ń kọ lọ́wọ́ sì lè bàjẹ́. Kí ẹ tó lo èyíkéyìí nínú méjèèjì, ẹ kọ́kọ́ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó tún ẹ̀rọ tàn láìwò ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹ̀rí rẹ́.

Owó tí a dá ṣì wà ní ọwọ́ akápò. Ohùn àwọn àgbà ni a ó fi gbà, gẹ́gẹ́ bí a ti pinnu láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní bàbá tàbí ìyá àgbà tí ó mọ orin Ẹ̀fẹ̀ àtijọ́, kí ó tètè wá rí wa, nítorí pé àwọn àgbà kò ní dúró dè wá títí láé. Ó dìgbà kan ná.