Owó Orí Obìnrin, Ìbò Ọkùnrin

Oṣù kìíní ọdún 1874 ni agbowó-orí wọ ilé Julia Smith àti àbúrò rẹ̀, Abby, ní ìlú Glastonbury ní ìpínlẹ̀ Connecticut l'Amẹ́ríkà, ó sì kó màlúù méje lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ àwọn arúgbó méjì yìí ò ju pé wọ́n ní ìjọba tí kò jẹ́ káwọn dìbò ò gbọdọ̀ gbowó orí lọ́wọ́ àwọn. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ̀kan nínú màlúù wọn ní Taxey, wọ́n sọ òmíràn ní Votey. Julia a máa fi ṣàwàdà pé Taxey ò mọ ìtìjú rárá, àmọ́ ojú a máa ti Votey. Èmi ò mọ ìdí tí a kì í fi í gbọ́ orúkọ àwọn ìyá yìí nígbà tí wọ́n bá ń ka orúkọ àwọn akọni.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo ìtàn bí obìnrin ṣe gba ẹ̀tọ́ ìdìbò láyé á rí i pé owó orí kì í jìnnà síbẹ̀. Lóòótọ́, New Zealand ló kọ́kọ́ fún gbogbo obìnrin orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní ìbò, lọ́dún 1893, lẹ́yìn tí Kate Sheppard àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ tí nǹkan bí 32,000 obìnrin fọwọ́ sí wá sílé aṣòfin. Àmọ́ ní London, lọ́dún 1909, àwọn obìnrin dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ torí àtikọ owó orí nìkan. Sophia Duleep Singh wà nínú wọn, ọmọ ọba Punjab tí Ọbabìnrin Victoria jẹ́ ìyá ìsàmì rẹ̀. Ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀, wọ́n lù ú ní gbàǹjo, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì rà á padà fún un. Ní 1918, Òyìnbó gbà díẹ̀: obìnrin tó bá ti pé 30 ọdún, tí òun tàbí ọkọ rẹ̀ sì ní ilé tàbí ilẹ̀ tó tó iye kan. Ó di 1928 kí wọ́n tó bá ọkùnrin dọ́gba.

Ọdún 1918 yẹn náà ni Òyìnbó gbé owó orí dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá, èyí tó fa Ogun Àdùbí. L'Abẹ́òkúta, obìnrin ń san tirẹ̀ lọ́tọ̀, ọkọ ń san tirẹ̀ lọ́tọ̀, láti 15 ọdún ni wọ́n sì ti ń gbà á lọ́wọ́ ọmọbìnrin. Nígbà tí ìdìbò kọ́kọ́ dé Èkó àti Calabar ní 1923, ọkùnrin tó ń rí £100 lọ́dún nìkan ni òfin mọ̀. Ìjọba kan náà tó ti jẹ́ kí obìnrin dìbò ní London ni o.

Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta ló wá fi ọwọ́ gbá ọ̀rọ̀ náà lójú. Ẹgbẹ́ ọ̀mọ̀wé obìnrin díẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọlọ́jà dé, àwọn aláró àti àwọn oníràìsì tí wọ́n gba ọjà wọn lọ́wọ́ wọn nígbà ogun Hitler, ó di ẹgbẹ́ tó ń ba ọba lẹ́rù. Wọ́n kọ ọ́ sínú ẹ̀sùn wọn pé àwọn agbowó-orí a máa tú aṣọ lára ọmọbìnrin láti fi mọ̀ bóyá ó ti tó sanwó. Kí ìjọba máa tú ọmọ yín níhòòhò nítorí owó tí ẹ ò ní mọ ibi tí wọ́n ná an sí! Nígbà tí àwọn aláṣẹ ní wọn ò gbọdọ̀ wọ́de láìgbàwé, ìyá náà ní àwọn ò wọ́de, fàájì làwọn ń bá kiri. Ní ìparí oṣù kọkànlá 1947, obìnrin tó lé ní 10,000 ya bo Àfin Aké, wọ́n sùn síbẹ̀, wọ́n ń kọrin èébú. Ní 1948, ìjọba dá owó orí obìnrin dúró. Aláké Ẹ̀gbá, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá, gba Òṣogbo lọ, ó sì fi orí oyè sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1949. Obìnrin mẹ́rin wọ ìgbìmọ̀ tuntun tó ń ṣàkóso Ẹ̀gbá.

Ibi tó ń dùn mí nìyí. Nígbà tí ìdìbò ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn dé ní 1951, wọ́n so ìbò mọ́ owó orí. Fúnmiláyọ̀ jáde lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC, kò wọlé. Ní 1954, nígbà tí Ìlà-Oòrùn ti jẹ́ kí gbogbo àgbà dìbò, tọkùnrin tobìnrin, ẹni tó bá sanwó orí nìkan ló lè dìbò lọ́dọ̀ tiwa. Àwọn tó ní àwọn ò ní sanwó torí pé àwọn ò níbò ni wọ́n wá sọ fún pé wọn ò níbò torí pé wọn ò sanwó. Ó di 1959 kí wọ́n tó mú òfin yìí kúrò ní gbogbo Gúúsù.

Obìnrin Àríwá tún dúró títí di 1976 kí wọ́n tó lè dìbò. Gambo Sawaba, ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin l'Áríwá, ti ṣẹ̀wọ̀n, ó ti tún ṣẹ̀wọ̀n kí ọjọ́ náà tó dé. Ẹ má tètè di ẹrù náà ru Ìsìláàmù o: obìnrin Turkey ti ń dìbò sílé aṣòfin láti 1934. Ní Switzerland, àwọn ọkùnrin dìbò lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1959, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ní àwọn ò gbà. Ó di 1971 kí wọ́n tó gbà, ẹkùn Appenzell Innerrhoden sì ń kọ̀ ọ́ nínú ìdìbò tirẹ̀ títí ilé ẹjọ́ fi fi tipá mú wọn ní 1990.

Lónìí ní Nàìjíríà, wọn ò béèrè ìwé owó orí lọ́wọ́ obìnrin mọ́ kó tó dìbò. Fọ́ọ̀mù ni àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ń tà fún ẹni tó bá fẹ́ dupò. Ní 2022, 20 mílíọ̀nù náírà ni fọ́ọ̀mù sẹ́nétọ̀ nínú ẹgbẹ́ APC. Wọ́n ní kí obìnrin san apá kan, wọ́n sì rò pé àwọn ti ṣàánú. Obìnrin mẹ́ta péré ni INEC kéde nínú sẹ́nétọ̀ 109 lọ́dún 2023. Ọdún kan ṣáájú, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 2022, àwọn aṣòfin l'Abuja da àbá ìjókòó pàtàkì fún obìnrin nù. Èmi fara mọ́ àbá náà, mo sì fẹ́ kí wọ́n gbé e padà. Mo ti gbọ́ táwọn kan ń pè é ní àṣà àtọ̀húnrìnwá. Ẹ̀gbá ti ní obìnrin mẹ́rin nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀ láti 1949, kò sì sí fọ́ọ̀mù tí wọ́n tà fún wọn.