Láptọ́ọ̀pù Nínú Àpò, Sẹ̀mẹ̀ Lójú Ọ̀nà

Òjò oṣù Keje kì í kìlọ̀ kó tó dé ní Ìgbàrà-Òkè. Ẹ fojú inú wo ọmọbìnrin kan tó ń bá ilé-iṣẹ́ kan ní London ṣiṣẹ́. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni, ó jókòó sí pálọ̀ màmá àgbà, láptọ́ọ̀pù wà lórí àpótí, ojú àwọn ọ̀gá rẹ̀ mẹ́rin hàn nínú rẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́. Ó pa ohùn rẹ̀, ó ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ dípò kó sọ ọ́. Bí òjò ṣe ń dá báyìí, iná lọ. Màmá àgbà wọlé: "Ṣé o ò tíì jẹun ni?" Ọmọ tí wọ́n bá kọ́ nílé kò lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó dìde díẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀ láàbọ̀, ó kí wọn, ó padà jókòó. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní London rí i tó lọ sílẹ̀, tó tún gòkè, wọn ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n mọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́. Yunifásítì FUTA wà ní Àkúrẹ́ láti 1981, Yunifásítì Elizade gba ìwé àṣẹ ní 2012 ní Ìlárá-Mọ̀kín tó wà nínú Ìfẹ́dọ̀rẹ́ kan náà. Àrùn kòrónà sọ ilé di ọ́fíìsì ní 2020. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2023, íntánẹ́ẹ̀tì sátẹ́láìtì Starlink bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà kó tó dé orílẹ̀-èdè mìíràn kankan ní Áfíríkà, àwo rẹ̀ sì ti wà lórí òrùlé níbi tí wáyà ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kankan ò dé rí. Náírà náà dá kún un: kí oṣù Kẹfà 2023 tó dé, nǹkan bíi ₦460 ni ìjọba ń ṣẹ́ dọ́là kan, nígbà tí 2024 fi máa parí, ó ti lé ní ₦1,500. Ẹni tí wọ́n ń sanwó fún láti òkè òkun mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Bí ilé-ìwé bá wá gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, ọ̀rọ̀ sọ́mà, ìyẹn ìrìn-àjò ìsinmi lókè òkun, á gbòde. Iṣẹ́ tó jẹ́ pé láptọ́ọ̀pù ni gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀, kí ló ní kéèyàn má gbé e lọ sí òkè òkun fún oṣù kan tàbí méjì? Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ń kọ́kọ́ dojú kọ ni òǹkọ̀wé yìí ò fara mọ́. London ni gbogbo wọn ń pè, bí ẹni pé kò sílùú mìíràn.

London dára lóòótọ́. Láti ìparí oṣù Kẹta sí ìparí oṣù Kẹwàá, aago ibẹ̀ àti ti Nàìjíríà kì í yàtọ̀. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Peckham ní London ni aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ìgbàrà-Òkè. Òfin pàápàá ti rọ̀ díẹ̀. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní 2024, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà pé ẹni tó wá ṣe àbẹ̀wò lè máa ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀ tó wà nílẹ̀ òkèèrè lórí kọ̀ǹpútà, bí kò bá ti jẹ́ pé torí iṣẹ́ yẹn gan-an ló fi wá. Ẹ ka gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń kọsẹ̀. Ẹni tí òṣìṣẹ́ ìwọ̀lú bi pé kí ló wá ṣe, tó sì dáhùn pé òun wá ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta, ti fẹnu ara rẹ̀ ba ọ̀nà ara rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí yóò máa dáhùn ímeèlì ọ́fíìsì láàárọ̀, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀. Kí tirẹ̀ sì jẹ́ òótọ́ o, nítorí tíkẹ́ẹ̀tì àti ìwé báǹkì á jẹ́rìí.

Owó físà náà ńkọ́? Ní oṣù Kẹrin 2025, ti àbẹ̀wò oṣù mẹ́fà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di pọ́n-ún 127, wọn kì í sì í dá a padà bí wọ́n bá kọ̀. Ti Schengen ní Yúróòpù di yúrò 90 ní oṣù Kẹfà 2024, nínú ọdún yẹn sì rèé, nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà tó bèèrè fún un, ó lé ní ogójì tí wọ́n dá padà lọ́wọ́ òfo. Àwọn orílẹ̀-èdè kan tilẹ̀ ti ṣe físà tiwọn fún àwọn tó ń gbé iṣẹ́ kiri. Estonia ṣe é ní 2020, Potogí ní 2022. Àmọ́ ẹ wo ohun tí Potogí ń béèrè: kí owó tó ń wọlé fún ọ lóṣù tó ìlọ́po mẹ́rin owó oṣù tó kéré jù lọ níbẹ̀, ìyẹn yúrò 3,480 ní 2025. Owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà jẹ́ ₦70,000. Kí a má fi bò, wọn ò fi wá sọ́kàn nígbà tí wọ́n ń kọ ìwé yẹn.

Kùtọnu ní Benin ńkọ́? Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní ṣé Kùtọnu náà ni òkè òkun, pé fọ́tò tí èèyàn yà ní Kùtọnu kì í gbayì lórí Instagram bíi ti etí odò Thames. Kò sírọ́ níbẹ̀. Àmọ́ òfin wà níhà ọ̀dọ̀ Kùtọnu. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS tọwọ́ bọ̀ ní Dakar ní oṣù Karùn-ún 1979 fún ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ láti wọ ìlú ẹnì kejì láìgba físà. Mali, Burkina Faso àti Niger ti fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní 2025, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè Benin, Tógò àti Gáànà, tó tò tẹ̀lé ara wọn létí òkun láti ọ̀dọ̀ wa lọ, ṣì wà níbẹ̀. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ ju sọ́mà lọ. Cape Verde tiẹ̀ ní ètò oṣù mẹ́fà fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 2020, orúkọ àwa ará ECOWAS sì wà nínú àwọn tó lè bèèrè fún un.

Ẹni tó bá dé Kùtọnu kò ní í yí aago ọwọ́ rẹ̀ padà. Tó bá kọjá sí Lomé tàbí Akra, wákàtí kan ni yóò dá a sẹ́yìn. Fún ẹni tó ń bá ilé-iṣẹ́ New York ṣiṣẹ́, wákàtí kan yẹn kì í ṣe kékeré: iṣẹ́ tó ń parí ní aago mẹ́wàá alẹ́ ní Àkúrẹ́ á parí ní mẹ́sàn-án ní Lomé, oúnjẹ alẹ́ ò sì ní í di ti ọ̀gànjọ́. Ní oṣù Kẹjọ, òjò etí òkun ibẹ̀ máa ń sinmi díẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Faransé kò ní í sọnù pátápátá, pàápàá tó bá yà sí Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, tàbí Ìṣàkétè, tàbí Kétu. Nàgó ni wọ́n ń pe Yorùbá tiwọn, ó sì lè jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń kí ni yóò yani lẹ́nu ju ohun tí wọ́n ń sọ lọ. Mọ́sálásí ńlá Àjàṣẹ́, tí àwọn ọmọ Àgùdà tó ti Brazil dé kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, jọ ṣọ́ọ̀ṣì débi pé àlejò á kọ́kọ́ dúró wò ó kó tó gbà. Ó tó fọ́tò yà, fún àwọn tí ọ̀rọ̀ fọ́tò ń dùn.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ni ìrọ̀rùn. Owó sẹfà so mọ́ yúrò, sẹfà 655 àti díẹ̀ ni yúrò kan, nítorí náà gbogbo ìgbà tí náírà bá ṣubú ni Kùtọnu ń wọ́n sí i. Ẹni tó ń gba náírà ní láti ṣírò rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó ń gba dọ́là lè mí díẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ náà kì í ṣe èyí tí kì í já: nígbà tí wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin já nítòsí Abidjan ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, Nàìjíríà, Gáànà, Benin àti àwọn mìíràn jọ wọ inú òkùnkùn kan náà ni. Ti iná mànàmáná ló pani lẹ́rìn-ín jù. Nàìjíríà wà lára àwọn tó ń ta iná fún Benin àti Tógò. Ó lè jẹ́ iná tí kò dé Ìgbàrà-Òkè ni ọmọ Ìgbàrà-Òkè yóò lọ fi ṣiṣẹ́ ní Kùtọnu.

Kéèyàn máa gbé iṣẹ́ rin ìrìn-àjò kì í kúkú ṣe ohun tuntun lójú ọ̀nà wa. Ìgbàrà-Òkè wà lójú títì Iléṣà sí Àkúrẹ́, àwọn bàbá wa sì mọ òṣómàáló dáadáa, Ìjẹ̀ṣà tó ń ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, tó ń tà á láwìn, tí yóò padà wá lòṣó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Àwọn ará Èjìgbò ti ń ná Abidjan látọjọ́ pípẹ́ débi pé Faransé kì í ṣe àjèjì ní Èjìgbò mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìran yẹn rí ohun tí ìwé ń ṣe fún ènìyàn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gáànà fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn Yorùbá tó ti kọ́lé, tó ti bímọ síbẹ̀, di ẹrù wọn sórí, wọ́n ń bọ̀ nílé. Ọjà ò gbà wọ́n sílẹ̀, àdúgbò ò gbà wọ́n sílẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ "má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n mọ̀" tó wà lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ fi ń bani lẹ́rù. Wọ́n á ní kí ọ̀gá má mọ̀ pé ènìyàn ti kúrò nílé, kí òṣìṣẹ́ bọ́dà má mọ̀ pé láptọ́ọ̀pù inú àpò ń ṣiṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ mìíràn wà tí àdéhùn rẹ̀ kò gbà kí fáìlì oníbàárà kúrò ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n forúkọ òṣìṣẹ́ sí; ẹ̀rọ wọn yóò rí i pé Tógò lẹ ti wọlé kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ tó rí i. Ìwé kúkúrú kan ṣáájú ìrìn-àjò, tó sọ ibi tí èèyàn ń lọ àti ọjọ́ tó máa padà, rọrùn ju àlàyé ẹ̀yìn-ò-rẹyìn lọ. Owó orí náà ò parẹ́ o. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní 2026 tí òfin owó orí tuntun ti ń ṣiṣẹ́, owó tí ẹni tó ń gbé Nàìjíríà bá gbà láti òkèèrè wà nínú ohun tí wọ́n ń ṣírò, àyàfi ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún tí wọn ò fọwọ́ kàn. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ti ẹni tó fi Ìgbàrà-Òkè ṣe ibùgbé, kó tiẹ̀ jẹ́ pé Lomé ló ti lo oṣù Kẹjọ.

Ẹni tó bá wá fẹ́ lọ, kó gba yẹ́lò káàdì rẹ̀, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, níbi tí ìjọba ti ń fúnni kó tó kúrò, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà. Láti Bàdágìrì dé Sẹ̀mẹ̀, bọ́dà àwa àti Benin, àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró pọ̀. Kó ní sùúrù. Bó bá dé bọ́dà, ọlọ́kadà á sọ fún un pé òun mọ ọ̀nà kan tó yá jù. Kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó wọ inú ilé tí ìjọba méjèèjì ti jọ ń yẹ ìwé wò, tí wọ́n ṣí ní 2018, kó rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí pásípọ́ọ̀tù òun, nítorí déètì ara òǹtẹ̀ yẹn ni wọn yóò fi ka àádọ́rùn-ún ọjọ́ rẹ̀. Bó bá tètè kúrò ní Èkó láàárọ̀, ó lè ti wà níwájú láptọ́ọ̀pù ní Kùtọnu kí aago mẹ́ta tó lù, aago mẹ́ta Ìgbàrà-Òkè, tó tún jẹ́ aago mẹ́ta London.