Bingo àti Ẹ̀wọ̀n Ọrùn Rẹ̀

Oṣù mẹ́ta rèé tí ajá ilé wa ní Erio-Èkìtì bu ọmọ aládùúgbò wa jẹ ní ojúgun. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mi ṣépè, ọmọ náà ti gbádùn, ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Egungun ló fẹ́ fà yọ lẹ́nu Bingo, ẹni tó bá sì ti bá ajá du egungun rí mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń parí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti fi ṣéènì so Bingo mọ́ ìdí igi ọsàn lẹ́yìn ilé ìdáná. Àárọ̀, ọ̀sán, òru. Ibẹ̀ ló ti ń jẹun, ibẹ̀ ló ti ń yàgbẹ́, ibẹ̀ náà ló ń sùn.

Ẹnu ilé wa kò kò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àbúrò bàbá mi tó ń gbé Ìbàdàn ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe tú u láéláé, pé ajá tó bá ti tọ́ ẹ̀jẹ̀ èèyàn wò kò ṣeé fọkàn tán mọ́. Àwọn kan ní kí á kúkú tà á fún àwọn tó mọ ohun tí wọ́n ń fi ajá ṣe. Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì àti Oǹdó, ẹ kò nílò kí n ṣàlàyé. Ìyá àgbà kàn máa ń wo ajá náà láti ojú fèrèsé, wọn á sì mirí. Èmi tí wọ́n gbà pé mo kàwé ni wọ́n wá bi léèrè lórí fóònù: ṣé ó di dandan kí ajá máa sáré kiri kí ayé rẹ̀ tó dùn ni?

Èsì mi ni pé bẹ́ẹ̀ ni, ó di dandan. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń tú ajá sílẹ̀ ní Erio tẹ́lẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá òmìnira la lè pè é. Ó jọ pé a kàn pa wọ́n tì ni.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi àgbà ní ajá mẹ́ta tí wọ́n fi ń ṣọdẹ. Ìran Erio kò ṣòro láti mọ̀ fún ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Arámọkọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè rí: òkè lọ́tùn-ún, òkè lósì, igbó tó ṣú, oko kòkó láàárín wọn. Bàbá á so agogo kékeré mọ́ ajá kọ̀ọ̀kan lọ́rùn kí wọ́n lè mọ ibi tó wà nínú igbó, wọ́n á sì tú wọn sílẹ̀ tẹ̀yìn tẹ̀yìn ọ̀yà àti òkété. Kò sí okùn. Fèrè ni wọ́n fi ń pè wọ́n padà. Ẹ kúkú mọ òwe ajá tí yóò sọnù tí kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Gbogbo wa la máa ń fi òwe yẹn bá ọmọ aláìgbọràn wí, a kì í sì í rò ó pé ọ̀rọ̀ nípa ajá gan-an wà nínú rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn kò ronú okùn rárá. Ajá rẹ̀ wà lómìnira nínú igbó. Ohùn ló fi dè é. Nígbà tí àwọn ajá Bàbá bá sì délé, wọ́n á sùn fọnfọn títí di ìrọ̀lẹ́. Mi ò rántí kí ọ̀kan nínú wọn gbó aládùúgbò láìnídìí.

Ẹ wá wo Bingo báyìí. Ṣéènì rẹ̀ kò gùn ju mítà méjì lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ilé ẹ̀kọ́ girama: ibi tí ó lè dé yí igi yẹn ká kò tó mítà mẹ́tàlá níbùú lóròó. Yàrá hostel tí àwa mẹ́rin ń há mọ́ra nínú rẹ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àwa sì ń jáde lọ kíláàsì. Ajá kò lè sáré nínú yíyí po yẹn. Kó tó na ẹsẹ̀, ṣéènì á ti fà á lọ́rùn padà. Irun ọrùn rẹ̀ ti bó. Ajá tí kì í gbó ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀ ti ń gbó ewé tó bọ́ lára igi. Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ kan náà la ń lò fún ṣéènì àti fún ibi tí wọ́n ń kó àwọn ọ̀daràn sí: ẹ̀wọ̀n. Ẹlẹ́wọ̀n máa ń mọ iye ọdún tí wọ́n dá fún òun, Bingo kò mọ̀.

Àwọn kan á ní ajá ni, kí ló mọ̀? Ní ọdún 2019, obìnrin méjì kan, Charlotte Duranton àti Alexandra Horowitz, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ogún ajá. Wọ́n kọ́kọ́ fi abọ́ dán wọn wò: abọ́ tó wà ní apá kan máa ń ní oúnjẹ, èyí tó wà ní apá kejì kì í ní. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé abọ́ sí àárín, níbi tí ajá kò ti lè mọ̀ bóyá oúnjẹ wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Wọ́n wá pín àwọn ajá sọ́nà méjì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn kan ń fi imú wá oúnjẹ tí wọ́n fi pa mọ́ lójoojúmọ́. Àwọn yòókù ń kọ́ bí a ṣe ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ olówó wọn. Nígbà tí wọ́n tún gbé abọ́ sí àárín, àwọn ajá tó ti ń fi imú ṣiṣẹ́ yára lọ bá abọ́ náà ju ti àkọ́kọ́ lọ, bí ìgbà tí ọkàn wọn sọ fún wọn pé ire ń bẹ níbẹ̀. Àwọn tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ olówó wọn kò yí padà.

Ohun tí mo rí dì mú nínú èyí ni pé sísáré nìkan kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ajá tó bá rí àyè gbóòórùn, tó yan ibi tí imú rẹ̀ fẹ́ lọ, ti jẹ nínú adùn ayé kódà bí okùn gígùn bá wà lọ́rùn rẹ̀. Nítorí náà ẹni tó bá ń gbé fúláàtì ní Èkó tàbí ní London, tí kò ní pápá, kó má ṣe rò pé ìkà lòun. Kó fi ajá náà lọ́kàn balẹ̀ nídìí koríko kan, kó má fà á. Ṣùgbọ́n okùn gígùn kò lè fún ajá ní eré àsápajúdé, ìyẹn eré tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń kúrò nílẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá ti rí ajá tó ń sáré bẹ́ẹ̀ lórí pápá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn òjò kò ní bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀ pé inú rẹ̀ dùn.

Àwọn ará Jámánì gbìyànjú láti fi òfin yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2020, mínísítà wọn, Julia Klöckner, dábàá pé kí gbogbo ẹni tó ní ajá máa mú un jáde lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kó sì tó wákàtí kan lápapọ̀. Wọ́n fi í ṣẹ̀fẹ̀ gan-an. Nígbà tí òfin náà jáde ní 2021, wọ́n ti yọ iye wákàtí kúrò, wọ́n kàn ní kí ìjáde náà ṣáà tó. Ní tiwa, abala 495 nínú Criminal Code Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá hùwà ìkà sí ẹranko lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí kó san náírà 50. Náírà 50! Owó píọ̀ wọ́tà ọ̀rá kan.

Ṣùgbọ́n mi ò ní ṣe bí ẹni pé ìyá ọmọ tí Bingo bù jẹ kò ní ẹjọ́. Bí mo bá wà ní ipò rẹ̀, màá bínú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dìgbòlugi kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 èèyàn ló ń kú nípasẹ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún, ọ̀dọ̀ ajá sì ni ó ti pọ̀ jù lọ. Bí àmì àrùn náà bá ti yọ lára èèyàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń yè é. Lọ́jọ́ yẹn, ẹnìkan ti ń wá àbẹ̀bẹ̀ láti jó irun ajá náà kí wọ́n fi eérú rẹ̀ sójú ọgbẹ́. Ìyá àgbà ló lé e kúrò níbẹ̀, tí wọ́n fi ọṣẹ àti omi ẹ̀rọ fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ibi ìtọ́jú tí a kọ́kọ́ dé kò ní abẹ́rẹ́ náà, Adó-Èkìtì la ti rí i, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni wọ́n ń gún un. Bí a bá ti gún Bingo ní abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́dọọdún bó ṣe yẹ, ìdajì ìpayà yẹn ni ì bá má wáyé. Àwa ni a jẹ̀bi. Odidi ọdún mẹ́rin la fi tú ajá sílẹ̀ láàárín ìlú láìgún un ní abẹ́rẹ́ ẹyọ kan, tí a ń pè é ní òmìnira. Mélòó nínú àwọn ajá bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ti tẹ̀ pa lójú títì? Mélòó ló ti pa adìyẹ ọlọ́mọge tó ń wá owó sùkúù?

Wọ́n ní kí á so ajá tó bá bu èèyàn jẹ mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá, kí á máa wò ó. Mo fara mọ́ ìyẹn tọkàntọkàn. Bingo lo ọjọ́ mẹ́wàá, kò sí ohun tó ṣe é. Ọjọ́ mẹ́wàá wá di oṣù mẹ́ta nítorí pé kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ló tú u.

Ìbẹ̀rù míì tún wà nílẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2024 tí àwọn agbébọn pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní agbègbè Ìkọ̀lé, ọ̀pọ̀ ilé ní Èkìtì ló ń fẹ́ ajá tó rorò. Àbúrò bàbá mi gan-an ní ṣéènì ló máa jẹ́ kí Bingo rorò, kó lè máa ṣọ́lé. Mo bi wọ́n pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ajá tó wà lórí ṣéènì lẹ́yìn ilé ìdáná, olè wo ló fẹ́ lé?” Wọ́n ní mo ti ń sọ̀rọ̀ bí òyìnbó.

Ohun tí mo dábàá fún ilé kò le. Kí wọ́n pe dókítà ẹranko láti gún un ní abẹ́rẹ́. A ti ṣe ìyẹn, èmi ni mo fi owó oúnjẹ mi ránṣẹ́. Kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń lọ sóko láàárọ̀ máa mú un dání, pẹ̀lú okùn títí wọn á fi kúrò láàárín ìlú. Kó máa fi orí ẹja kọ́ ọ láti máa dáhùn fèrè kó tó tú u. Lọ́sàn-án tí àwọn ọmọdé bá ń ṣeré nínú ọgbà, kí Bingo wà ní ìsomọ́lẹ̀ lábẹ́ ibòji. Mi ò rò pé ẹ̀tọ́ ajá ju ti ọmọ ọlọ́mọ lọ.

Ìyá àgbà pè mí ní àárọ̀ Sátidé. Wọ́n ti lọ sóko. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n tú okùn náà, Bingo kò sáré rárá. Ó ń yí po lójú kan náà, bí ìgbà tí igi ọsàn yẹn ṣì wà láàárín. Ó yí po, ó yí po, títí tí wọ́n fi rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ó wá dúró, ó gbé imú sókè. Ihò òkété kan wà lẹ́bàá ebè. Wọ́n ní ìgbà tí wọ́n máa fi ṣẹ́jú, ìrù rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí nínú koríko.

Wọ́n fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹta kó tó padà. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ àbúrò bàbá mi ní Ìbàdàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì sọ fún wọn.