Òjò Tó Kún Odò Wa, Ọ̀nà Jíjìn Ló Ti Rọ̀
Omíyalé ọdún 2010 kò tíì kúrò lọ́kàn àwa ará Benin. Lóṣù kẹjọ, òjò a máa dáwọ́ díẹ̀ ní Kétu, síbẹ̀ odò Ouémé tó wà níwọ̀-oòrùn wa a máa kún sí i. Òjò àríwá ló ń fà á, kì í ṣe tiwa. Nígbà tí omi bá ń ru, tó ń yí po, ta ló lè sọ ìgbì tó ti èkejì? Ṣùgbọ́n bí omi bá ga ní Bétérou, tó sì ga ní Ṣábẹ̀ẹ́ lẹ́yìn náà, a mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wa ló kàn. Wọ́n ń wọn omi níbẹ̀. Kí ìjọba máa tètè kéde rẹ̀ lórí rédíò, lédè Yorùbá. Ìkìlọ̀ tó dé lẹ́yìn àgbàrá kò ran àgbẹ̀ lọ́wọ́.