Ìlù Lọ́wọ́ Obìnrin

Àgbà nínú ìlù dùndún àti bàtá ni ìyáàlù. Ìyá ni a fi pè é. Òun ni ó ń fọhùn tí omele ń gbè é lẹ́sẹ̀. Àwọn kan nínú ìdílé onílù tilẹ̀ sọ pé obìnrin ni Àyàn fúnra rẹ̀. Èé ha ti ṣe tí a fi ń gba kọ̀ǹgọ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin?

A mọ èsì àwọn àgbà. Ọmọbìnrin tí a bí sí agbo ilé onílù lè jẹ́ Àyánkẹ́. Ó lè mọ ohun tí ìlù ń wí kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ ẹ̀gbọ́n ni a ó fi omele kọ́ lọ́rùn, òun a sì gba ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, tàbí kí ó máa jó. Wọ́n ní obìnrin tí ń ṣe nǹkan oṣù kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìlù tí a ti bọ. Wọ́n tún ní yóò lọ sílé ọkọ, yóò sì gbé iṣẹ́ baba rẹ̀ fún ìdílé ẹlòmíràn. Ní ti èkíní, a kò bá ẹnikẹ́ni jà: ìlù tí a bọ ní èèwọ̀ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlù ìgbéyàwó àti ti ìsọmọlórúkọ ńkọ́, èyí tí a ń lù kí a lè rí owó jẹun? Ìdí kejì gan-an ni a rò pé ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, ọ̀rọ̀ ogún sì ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òrìṣà.

Àràlọlá Ọlámúyìwá, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ara, ti ń fi ìlù sọ̀rọ̀ níwájú èrò fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún; a kò gbọ́ pé ìlù bàjẹ́. Ní Havana ní ilẹ̀ Kúbà, níbi tí àwọn baba wa tí a kó lẹ́rú gbé bàtá dé, obìnrin kì í lu bàtá tí a yà sí mímọ́. Ní ọdún 1993 àwọn obìnrin kan níbẹ̀, tí wọ́n jẹ́ oníjó tẹ́lẹ̀, dá ẹgbẹ́ Obiní Batá sílẹ̀. Bàtá tí a kò yà sí mímọ́ ni wọ́n ń lù. Wọn kò fọ́ ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀kùn mìíràn ni wọ́n ṣí.

Ta ni yóò ṣí i fún ọmọbìnrin Ijora Badia ní Èkó? Ní 1973 ìjọba kó àwọn ará Oluwole kúrò lórí ilẹ̀ wọn kí a lè kọ́ Gbọ̀ngàn Eré Orílẹ̀-èdè sí Iganmu. Badia ni a kó wọn lọ. Nínú gbọ̀ngàn náà, tí a fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè ní 2024, ni onílù àti oníjó láti ilẹ̀ púpọ̀ ti pàdé nígbà FESTAC ní 1977. Ní oṣù kejì ọdún 2013 a tún wó ilé púpọ̀ ní Badia, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì di aláìnílé. Ọdún púpọ̀ ni a fi ń kọ́ ìlù lẹ́sẹ̀ ọ̀gá. Ẹni tí yóò lù ú di arúgbó ní láti bẹ̀rẹ̀ ní kékeré. Ọmọ tí kò ní baba onílù, tí a sì wó ilé mọ́ lórí, ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni ó kù fún un.

Ẹ má ṣe rò pé ọwọ́ tiwa mọ́. Nígbà tí a lọ fi iṣẹ́ ìkọ́ni dánra wò, ọmọbìnrin kan ń fi ìka lu tábìlì. A bá a wí pé kí ó jókòó jẹ́ẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ọmọkùnrin kan ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. A rẹ́rìn-ín, a sì gbé ìlù ilé-ẹ̀kọ́ lé e lọ́wọ́. Nígbà tí a rántí ọmọbìnrin náà, kò lu tábìlì mọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, a bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin máa rí ìlù inú yàrá orin lò ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. A ti bá onílù kan sọ̀rọ̀. Ó ní òun yóò wá, bí a kò bá ṣáà ti kó ọgbọ̀n obìnrin ka òun mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.