ÌTỌ́JÚ ILÉ: Ìpara Titun àti Awọ Ara Wa

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé sí ilẹ̀ Ìgbómìnà, tí ètè ń là, tí ẹsẹ̀ sì ń funfun bí eérú, kì í ṣe òrí nìkan ni a ń bá lórí àtẹ ní Àrándùn àti ní Òmù-Àrán mọ́. Ọṣẹ olóòórùn dídùn wà níbẹ̀, ìpara oríṣìíríṣìí sì wà pẹ̀lú. A kò wí pé kí ẹnikẹ́ni má rà wọ́n. Ohun tí a ń wí ni pé kí a má ṣe fi gbogbo ara dán ohun tí a kò tí ì mọ̀ wò.

Ọ̀nà ìdánwò kò ṣòro. Ní ọdún 1895, oníṣègùn ará Jámánì kan, Josef Jadassohn, fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé bí a bá fi oògùn díẹ̀ sí ojú kan lára aláìsàn, a ó mọ̀ bí awọ rẹ̀ bá kọ̀ ọ́. Nínú ilé, ẹ fi ìpara titun náà pa ibi tí kò ju ìdérí ìgò lọ níbi tí apá ti ń ká, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, fún ọjọ́ 7 sí 10. Bí ó bá jẹ́ ọṣẹ ni, ẹ ṣàn án kúrò bí ẹ ti máa ń ṣe nígbà ìwẹ̀. Ẹ má ṣe kánjú, nítorí ara lè gba nǹkan lónìí, kí ó sì kọ̀ ọ́ lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Lára aláwọ̀ dúdú, pípọ́n lè má hàn gbangba. Nítorí náà, ẹ wò ó bóyá ó ń yún, ó gbóná, ó wú, tàbí ó dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi omi fọ̀ ọ́, kí ẹ sì pa á tì. Bí ojú tàbí ètè bá wú, tàbí tí èémí kò já gaara, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí a máa mú nǹkan titun wọlé. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ọṣẹ, ìpara àti pàùdà titun ní ọjọ́ kan náà, bí ara rẹ̀ bá sú, kò ní mọ èyí tí ó jẹ̀bi. Òfin yìí kan ọṣẹ dúdú ilé pẹ̀lú, nítorí eérú tí a fi ṣe é lè ta ara tí kò lágbára.

Ṣùgbọ́n ewu kan wà tí ìdánwò yìí kò lè fi hàn. Àwọn ìpara kan tí ń ṣèlérí láti bó ara ní mẹ́kúrì nínú. Ó lè ṣàìta ara rárá, síbẹ̀ kí ó máa ba kíndìnrín jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nínú àdéhùn Minamata ti ọdún 2013, àwọn orílẹ̀-èdè pinnu pé lẹ́yìn ọdún 2020 kí a má ṣe ìpara abóra bẹ́ẹ̀ mọ́, kí a má sì kó o wọ̀lú. Nítorí náà, ẹ wá orúkọ ẹni tí ó ṣe é àti nọ́ńbà àjọ NAFDAC lára ike. Èyí tí a pò lójú ọ̀nà, tí kò ní orúkọ, ẹ má ṣe fi kan ara yín, kí ẹ má tilẹ̀ fi pa ọmọ ọwọ́ láéláé.

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin ọ̀dọ́mọbìnrin, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọjọ́ 10 kò pọ̀ jù fún awọ tí a ó gbé títí di ọjọ́ ogbó.